Aràn inú táǹkì ẹja: pàkúté ni àbí oògùn?

Planaria, aràn pẹlẹbẹ tó ń fà lára dígí, máa ń pọ̀ níbi tí àjẹkù oúnjẹ bá pọ̀ sí. Pàkúté tí a fi ẹran díẹ̀ sí kò wọ́n, kò sì léwu, àmọ́ ó gba sùúrù, kì í sì í sábà kó wọn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé aràn náà: ègé rẹ̀ lè di odidi.

Fenbendazole, oògùn aràn tí a ń lò fún ẹranko, yá ju pàkúté lọ. Ó ń pa hydra, ẹ̀dá kékeré inú omi tó máa ń lẹ̀ mọ́ dígí, pẹ̀lú, edé sì sábà máa ń yè é. Àmọ́ ó lè pa ìṣáwùrú.

Bí ẹ bá ní ìṣáwùrú, pàkúté ni, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù. Bí aràn bá ti ń jẹ ọmọ edé, tí kò sí ìṣáwùrú níbẹ̀, oògùn ni mo fara mọ́; ẹ pààrọ̀ omi lẹ́yìn náà, torí òkú aràn ń ba omi jẹ́.