Kọ́tìnnì dúdú tí mo rà l'ọ́jà Àtàkúnmọ́sà: ẹ̀yin oní-náìtì, ẹ wá gbọ́

Oṣù méjì rèé tí mo ti ń lo kọ́tìnnì yìí n'Íléṣà, mo dẹ̀ fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Tí mo bá ti náìtì dé láago mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn ti wọ yàrá mi pátápátá, ojú mi á pọ́n bíi ti ọ̀mùtí, oorun ò dẹ̀ ní wá. Ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Tó bá ti wọni lójú, ara á gbà pé ilẹ̀ ti mọ́, ọpọlọ ò ní tú mẹlatónìn tó ń múni sùn sílẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní mò ń ṣe fọ́ọ̀mù lórí ọ̀rọ̀ oorun yìí, mo ní ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ka àjọ WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ sọ ọ́ ní 2007, wọ́n tún tún un sọ ní 2019, pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ alẹ́ máa fa jẹjẹrẹ? Ó dákẹ́.

₦14,500 fún fèrèsé méjì, ìránṣọ wà nínú ẹ̀. Mo ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, ìyá tó ń tà á ní ṣé mo fẹ́ kí òun wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi ni, ọmọ Òṣómàáló lòun o! Ó nà án sójú oòrùn, mo ki ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀, mi ò rí òjìji ìka mi rárá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi kọ́, aago méjì ọ̀sán ni mo jí, mo rò pé ilẹ̀ ti ṣú, mo ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ́ lọ wẹ̀ kí n máa lọ síbi iṣẹ́ kí n tó wo fóònù.

Àmọ́ ooru! Tí NEPA bá ti mú iná, ààrò lẹ wà yẹn. Rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀ rùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dẹ̀ kéré, ìmọ́lẹ̀ ń yọ tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ bí ojú ọ̀bẹ, péègì ni mo fi há a mọ́ irin fèrèsé. Kò gba ariwo dúró, ẹ̀rọ ata ẹ̀yìnkùlé wa ò mọ̀ pé mò ń sùn.

Kò dẹ̀ lè tún rósítà ṣe. Alẹ́ mẹ́ta, ọ́ọ̀fù ọjọ́ kan, ó di àárọ̀, kí ara tó mọ èyí tó ń ṣe wọ́n ti yí i. Mo ṣì fẹ́ràn náìtì o, ó máa ń dákẹ́, kò sí ọ̀gá tó ń pariwo, àmọ́ kí n tó ra aṣọ yìí mo ti fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kàn ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn ni. Ó ti dínkù.

Màá tún ra ọ̀kan sí pálọ̀, màá ní kí wọ́n rán an kọjá fèrèsé ní ìka mẹ́rin lọ́tùn-ún lósì. Apá ibi tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ni ìsọ̀ ìyá yẹn wà.