Ẹ̀sìkọ́ṣọ̀n ọjọ́ Sátidé sí Àgbádárìgì: máàkì tó tọ́ sí i

Tíṣà tó ń fi Mọ́ńdè dé Fúráìdè bá ọmọ iléèwé fà á l'Ékòó, tó sì fẹ́ kí Sátidé òun so èso, yálà òun nìkan ni o tàbí òun àti kíláàsì rẹ̀, Àgbádárìgì ni kó gbà lọ. Ìṣòro kan wà ṣá: ètò tí wọ́n sábà máa ń ṣe fáwọn iléèwé, ńṣe ni wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Inú ilé ni wọ́n máa ń kó ọmọ sí nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, tí oòrùn bá wá kan àtàrí tán, wọ́n á kó wọn lọ sórí iyanrìn.

Gbérẹ̀fú, ní òdìkejì ọ̀sà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọkọ̀ onínjìnnì láti etí omi Marina ti Àgbádárìgì kì í pẹ́ rárá, ọ̀sà ló kàn ń dá kọjá. Ẹsẹ̀ lẹ́ẹ fi máa rin ìyókù dé etí òkun, ìṣẹ́jú 20 sí 30 lórí iyanrìn, ibòòji ò sì tó nǹkan. Lọ́sàn-án, iyanrìn yẹn á máa jó ọmọ lẹ́sẹ̀ nínú sálúbàtà. Atẹ́gùn ọ̀sán a sì máa ru ọ̀sà sókè, àwọn ọmọ tí kò wọkọ̀ omi rí á wá bẹ̀rẹ̀ igbe.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fojú tó dáa wò. Ti àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń kó sílẹ̀, èyí tó bá sì fẹ̀ ju ọmọ lọ á gba orí rẹ̀ yọ tó bá bọ́ sómi. Ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á sókè níbi èjìká: bó bá ga dé etí ọmọ náà, kò bá a mu, ẹ béèrè òmíràn. Ẹ ka orí wọn kí ọkọ̀ tó ṣí, kẹ́ ẹ tún kà á tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀. Àgbà kan sí ọmọ 10 ló dáa. Kí gbogbo wọn sì ti tọ̀ ní Marina.

Lójú ọ̀nà etí òkun, kànga kan wà tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Níwájú ni òpó méjì tó dojú kọ òkun, níbi tó jẹ́ pé ẹrú tó bá kọjá láyé ijọ́un kì í padà mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ òkun yẹn o, omi ibẹ̀ a máa fani lọ. Máàkì 8 nínú 10.

Tẹ́ ẹ bá padà sí Marina, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà ló kàn, èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845. Àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀ ti dàgbà, ẹ má kó gbogbo kíláàsì gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí amọ̀nà bá sọ nípa Bíbélì, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń wọ́: àwọn kan á ní inú ilé yẹn ni wọ́n ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá tán. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther, àlùfáà tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, dé Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ló ń lọ, àmọ́ ọ̀nà ò ṣeé rìn, ló bá dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884. Ọmọ tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ilé yẹn ni wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀ tán, yóò gba òfo. Síbẹ̀, 9 nínú 10. Ẹ má sì gbàgbé láti sọ fáwọn ọmọ pé ìlú yìí kan náà ni De Graft, míṣọ́nnárì ará Gold Coast (Ghana òde òní), àti ìyàwó rẹ̀ ti dá iléèwé sílẹ̀ ní 1843: ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà wa ti ṣẹ̀.

Ibi ìrántí igi Agia, igi tí wọ́n wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó o.

Ilé Sẹ̀ríkí Faremi Williams Abass ló máa mú àwọn ọmọ béèrè ìbéèrè jù. Iyàrá 40 ni wọ́n ní wọ́n fi ń há ẹrú mọ́, wọ́n há, wọ́n sì ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ni ilé yẹn, wọ́n ti ta òun náà lẹ́rú dé Brazil rí kó tó padà wá di oníṣòwò ẹrú. “Kí ló dé tóun náà tún ń ta èèyàn?” Ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀ láti ilé. Ti ìdílé Mobee, níbi tí ṣẹkẹṣẹkẹ àti irin tí wọ́n fi ń dí ẹrú lẹ́nu wà, Praimárì 5 sókè ni kẹ́ ẹ mú lọ. Bí amọ̀nà bá ní kí ọmọ kan fi ẹ̀wọ̀n sọ́rùn fún fọ́tò, ẹ kọ̀ jálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń bani nínú jẹ́: 4 nínú 10. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní owó ìwọlé tirẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀, ti amọ̀nà yàtọ̀. Iye tí wọ́n bá sọ lórí fóònù lè má ju ti ẹnu ọ̀nà kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, títí kan owó fọ́tò, kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí.

Ìrẹsì tẹ́ ẹ bá dì sínú kúlà láàárọ̀ lè kan kó tó di ọ̀sán; ẹ kúkú mú búrẹ́dì àti ẹyin. Àgbọn pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì.

Tíṣà tó ń dá lọ lè wọ rélùweè Blue Line láti Marina ti Èkó dé Mile 2 pẹ̀lú káàdì Cowry, kó wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì, kó sọ̀ ní ráńdábáòtù, kó wá gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé etí omi. Bọ́ọ̀sì iléèwé ní tirẹ̀ máa bá aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá pàdé léraléra lọ́nà, nítorí ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni. Kí lẹ́tà iléèwé àti orúkọ gbogbo ọmọ wà lọ́wọ́ tíṣà tó jókòó síwájú. Kí ọkọ̀ gbéra láago mẹ́ta ọ̀sán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gósílóò Ìyànà-Ìbà ló máa bá yín ṣe kíláàsì alẹ́.