Àwọn pẹ́ńtà tó tún fúláàtì mi ṣe

Iṣẹ́ wọn dáa o, àmọ́ wọn ò yára rárá. Wọn ò kàn da pẹ́ńtì lé ògiri bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, wọ́n kọ́kọ́ ha èyí tó ń bó kúrò, wọ́n dí gbogbo ibi tó sán, wọ́n fi sáńpépà ha á títí tó fi jọ̀lọ̀, práímà, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kùn kí pẹ́ńtì lè lẹ̀ dáadáa, ló wá tẹ̀lé e kó tó kan pẹ́ńtì gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì kùn ún. Àwọn ni wọ́n ní kí n lo funfun bíi mílíìkì, pé kò sí ayálégbé tó máa bínú sí i, ó sì rọrùn láti tún kùn tónítọ̀hún bá kó jáde. Èyí tó ń dán téèyàn lè fi omi nù ni wọ́n lò ní kíṣìnì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ wọn lọ́dọ̀ suìṣì iná o, wọ́n ta pẹ́ńtì sí tèmi, àfìgbà tí mo pariwo kí wọ́n tó nù ún!