Narragansett: bíà àtijọ́ tó tún padà délé ní Rhode Island

Bí ẹ bá ń wá bíà tó korò bí ewúro, ẹ má wulẹ̀ ra Narragansett. Èmi tí mo ń gbé ní Providence, olú ìlú ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, fẹ́ràn lager wọn, ìyẹn bíà wọn tó mọ́ gaara tí kò sì wúwo, ìdí tí mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé àwọn tó jí i dìde kò sọ ọ́ di ọtí àwọn ọlọ́lá. Bíà mẹ̀kúnnù ni tẹ́lẹ̀, bíà mẹ̀kúnnù ló ṣì jẹ́.

Agolo gíga, ti áúnsì 16, ni mo máa ń rà. Tí ẹ bá dà á sínú ife, ó mọ́ gaara, pupa rúsúrúsú. Ìhó funfun á gòkè, kò ní pẹ́ tí á fi wálẹ̀. Ó dùn díẹ̀ lẹ́nu, àgbàdo tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ìkorò á yọjú fẹ́ẹ́rẹ́, á sì lọ. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ẹni tó mu agolo kan ṣì lè bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù nini o! Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, adùn àgbàdo yẹn nìkan ni yóò kù. Ẹja díndín olóata ni mo fi ń bá a rìn.

Àwọn ọmọ Jámánì mẹ́fà ló dá a sílẹ̀ ní Cranston lọ́dún 1890. Ó gbilẹ̀ débi pé kò sí ilé ìpọntí tó tó o ní gbogbo New England, àgbègbè àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí Rhode Island wà. Láyé ìgbà yẹn, òun ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ eré Red Sox, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball ìlú Boston, lórí rédíò, Curt Gowdy tó ń ròyìn eré náà á sì máa kí àwọn olùgbọ́ bí aládùúgbò, pé kí wọ́n gbé 'Gansett kan, ìnagijẹ Narragansett. Nínú Jaws, fíìmù 1975, òun ni Quint, apẹja tó ń dọdẹ ẹja ekurá, gbé mu tó fi ọwọ́ rún agolo rẹ̀. Wọ́n ti tún agolo ìgbà náà gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan rún tirẹ̀ níwájú wa, ó ń yangàn, bẹ́ẹ̀ agolo òde òní fẹ́lẹ́ débi pé ọmọdé á rún un.

Falstaff, ilé iṣẹ́ ọtí mìíràn, rà á lọ́dún 1965. Nígbà tó di 1981, wọ́n ti ilé ìpọntí Cranston pa, ó di Fort Wayne ní Indiana kí wọ́n tó pọn ọtí Rhode Island.

Mark Hellendrung àti àwọn olówó mìíràn ra orúkọ náà lọ́dún 2005 lọ́wọ́ Pabst, ilé iṣẹ́ ọtí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé wọ́n wá Bill Anderson kàn, àgbà apọntí tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́, kí adùn rẹ̀ má baà di àfọwọ́rọ́. Rochester ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pọn ọ́, inú àwa ará ibí kò sì dùn sí ìyẹn tán. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ilé ìpọntí ní àdúgbò Fox Point, ní Providence níhìn-ín.

Bí ẹ bá rí stout, bíà dúdú, tí àwọn àti ilé iṣẹ́ kọfí Autocrat jọ ṣe, ẹ rà á. Wàrà oníkọfí ni ohun mímu ìjọba Rhode Island láti 1993, adùn rẹ̀ gan-an ló wà nínú ọtí náà. Ẹni tí Guinness Nàìjíríà ti mọ́ lára kó má retí agbára yẹn ṣá.

Ní ti Del's Shandy ọlọ́sàn-wẹ́wẹ́, bíà wọn tí wọ́n fi adùn ọsàn wẹ́wẹ́ Del's sí, ìyàwó mi ló ń mu ún. Èmi kì í fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí bíà.