Kíláàsì topspin forehand l'Abuja: ibi tó ti tó owó rẹ̀ àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Kíláàsì tí mò ń sọ yìí ń kọ́ni ní topspin, ìyẹn bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tó ń yí síwájú bó ṣe ń lọ, pẹ̀lú forehand, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ téèyàn fi di ràkẹ́ẹ̀tì mú. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ràkẹ́ẹ̀tì mú. Ti ẹni tó ti ń gbá tẹ́níìsì ni, àmọ́ tí forehand rẹ̀ ń lọ gbọọrọ, tó jẹ́ pé bó bá ti fagbára kún un báyìí, ìta ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn Abuja tó mú, èèyàn mẹ́rin sí kóòṣì kan. Ẹni tó bá ti jókòó wo ìdíje tẹ́níìsì CBN ní Pápá Ìṣeré Moshood Abiola á ti rí irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀: á kọjá lókè nẹ́ẹ̀tì dáadáa, á já wálẹ̀ lójijì nínú ìlà, á sì ta sókè dé èjìká ẹni tó fẹ́ dá a padà.

Bí a ṣe ń di ràkẹ́ẹ̀tì mú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ràkẹ́ẹ̀tì ní ojú pẹlẹbẹ mẹ́jọ. Ẹ dá ràkẹ́ẹ̀tì dúró lórí etí rẹ̀, kí ojú tó wà lókè jẹ́ 1, kí ẹ wá máa kà á lọ sápá ọ̀tún. Oríkèé ìsàlẹ̀ ìka ìfábẹ̀là gbọ́dọ̀ wà lórí ojú 4, ìdìmú tí wọ́n ń pè ní semi-western nìyẹn. Ojú 3 náà ṣeé lò, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó bá ga á máa yọ yín lẹ́nu; ojú 5 á jẹ́ kó yí gan-an, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá sún mọ́ ilẹ̀ á di wàhálà. Ìwé tí wọ́n ń pín ò dárúkọ ọlọ́wọ́ òsì rárá: apá òsì ni kí tiwọn máa kà á lọ, ìyókù ò yàtọ̀.

Ibi tí owó náà ti jẹ́ owó gidi ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ni láti jẹ́ kí orí ràkẹ́ẹ̀tì já wálẹ̀. Ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn ràkẹ́ẹ̀tì títí èjìká á fi yí tán. Lẹ́yìn náà, orí ràkẹ́ẹ̀tì á wálẹ̀ kọjá ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ìdí rẹ̀ á kọjú sí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Ìbàdí ló ń kọ́kọ́ yí, apá á tẹ̀lé e, ràkẹ́ẹ̀tì á gbẹ́yìn. Ọrùn ọwọ́ á fúnra rẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn, ẹ má fipá ṣe é. Iwájú ara ni kí ẹ ti pàdé bọ́ọ̀lù, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, kí ràkẹ́ẹ̀tì sì gòkè kọjá iwájú yín bíi wáípà mọ́tò. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó já wálẹ̀ ná!” ni kóòṣì ń pariwo ṣáá.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kéèyàn máa yí ọrùn ọwọ́ bo bọ́ọ̀lù lórí. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń jọ pé bẹ́ẹ̀ làwọn ògbóǹtarìgì ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bọ́ọ̀lù ti lọ kí ọwọ́ wọn tó yí. Ká pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà 1,000, nǹkan bíi 5 péré ni bọ́ọ̀lù ń lò lára okùn ràkẹ́ẹ̀tì. Kí ojú ràkẹ́ẹ̀tì dúró ṣánṣán tàbí kó dorí kodò díẹ̀, ó tán. Ọ̀nà tí ràkẹ́ẹ̀tì gbà gòkè ló ń yí bọ́ọ̀lù.

Wọ́n ní ìdánrawò kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n á fi máákà fa ìlà dúdú yí bọ́ọ̀lù ká. Ẹnì kan á di ìlà náà lóòró, á sì jù ú sílẹ̀ níwájú yín kẹ́ ẹ gbá a. Tí ìlà náà bá ń yí síwájú láìmì, topspin gidi nìyẹn. Tó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ lẹ ti ń fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ta okùn kan sókè nẹ́ẹ̀tì. Àárín nẹ́ẹ̀tì ga ní sẹ̀ǹtímítà 91.4, okùn náà fi bíi mítà kan ga jù ú lọ. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gba òkè okùn, kó sì bọ́ sáàárín ìlà sáfíìsì àti ìlà ẹ̀yìn, tí kò ju mítà 5.5 lọ. Tó bá kọjá okùn àmọ́ tó bọ́ sítòsí nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ ń fọwọ́ nù ún lásán, ẹ ò tì í síwájú. Tó bá jáde, ojú ràkẹ́ẹ̀tì ti ṣí, ó kọjú sókè. Tó bá ń ba férémù, ojú ràkẹ́ẹ̀tì ti dorí kodò jù.

Ibi tí wọ́n kù sí kò kéré. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni nípa ẹsẹ̀: kéèyàn tẹ orúnkún, kó gbé ìwúwo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún kó tó yí. Ẹni tó bá fi apá nìkan ṣe é, èjìká àti ìgúnpá ló máa sanwó rẹ̀.

Wọn ò sọ̀rọ̀ okùn ràkẹ́ẹ̀tì rárá, èyí tó yà mí lẹ́nu. Okùn náílọ̀ọ̀nù máa ń sún kúrò láyè rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Ti polyester á sún, á tún ta padà, ìyẹn ló ń fi kún yíyí bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá ń fa okùn náà le, kílò 22 sí 24 tó o. Polyester le, ó sì máa ń kú kó tó já, torí náà ẹ gé e kúrò tó bá ti ń ta bọ́ọ̀lù síta láìnídìí. Tí ìgúnpá bá ń dùn yín, ẹ fi polyester sí ti òòró, kẹ́ ẹ fi náílọ̀ọ̀nù sí ti ìbú.

Bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀ wọn tún ti gbó. Bọ́ọ̀lù tó péye, tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 254, á ta padà tó 135 sí 147. Èyí tó ti kú kì í ta sókè, téèyàn á fi rò pé ọwọ́ òun ni ò dáa. Nígbà ọyẹ́ ló burú jù: eruku ń bo kọ́ọ̀tù, ẹsẹ̀ ń yọ̀, irun ara bọ́ọ̀lù sì ń tètè jẹ. Kí wọ́n gbálẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í ṣe é àyàfi tí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Tí ẹ ò bá tíì lè gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá lọ bọ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ má tíì sanwó. Àwọn tó bá fẹ́ san án, ẹ gbé agolo bọ́ọ̀lù tuntun kan dání, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi fóònù ya yín láti ẹ̀yìn, ní fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kó lè hàn bóyá orí ràkẹ́ẹ̀tì ń já wálẹ̀ lóòótọ́.