Leaf, Kona tàbí Volt: ìfiwéra ọkọ̀ oníná mẹ́ta fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé iná lè tán lójú ọ̀nà

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ oníná kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó ń tà á ni pé, bí bátìrì bá kún, ibo ni ọkọ̀ náà lè gbé òun dé. Ìbéèrè náà tọ́, àmọ́ fún ẹni tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ibo ni ọkọ̀ náà yóò máa sùn, wákàtí mélòó sì ni iná fi ń wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ fi yan ọkọ̀ nínú ìfiwéra yìí.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo mú, gbogbo wọn sì jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ti Japan àti ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí sítíárì wọn wà lápá ọ̀tún, kò bófin mu lójú pópó wa. Èkíní ni Nissan Leaf oníbátìrì 40, irú èyí tó jáde láti 2018. Èkejì ni Hyundai Kona Electric oníbátìrì 64, irú èyí tó jáde láti 2019, tí ilé-iṣẹ́ Stallion sì ti to díẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni Chevrolet Volt ìran kejì, ti 2016 sí 2019, tí bátìrì rẹ̀ kéré sí 20, tó sì ní ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 40 àti 64 yìí ni iye yúnìtì iná tí bátìrì lè gbà. Yúnìtì kan náà tí a ń rà sórí mítà ilé ni, nítorí náà ẹni tó bá ti ra iná rí ti mọ òdiwọ̀n rẹ̀.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dé

Àjọ EPA ti ìjọba Amẹ́ríkà wọn Leaf yìí sí nǹkan bí kìlómítà 243, wọ́n wọn Kona sí 415, wọ́n sì wọn Volt sí 85 kí pẹtiróòlù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bátìrì. Ẹ fiyè sí i pé òdiwọ̀n àwọn ará Yúróòpù fún ọkọ̀ kan náà máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti àwọn ará Ṣáínà sì tún ga ju ti Yúróòpù lọ. Bí olùtajà bá dá nọ́ńbà kan fún yín, ẹ bi í pé òdiwọ̀n ìlú wo ni. Ti Amẹ́ríkà ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù kì í pa ọkọ̀ oníná lára bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan lórí Third Mainland Bridge, ẹ̀rọ tó ń gbé e rìn kì í jẹ iná rárá, bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì, díẹ̀ nínú agbára tí ọkọ̀ ti lò yóò padà sínú bátìrì. Éésì ló ń jẹun níbẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán, ó lè máa jẹ yúnìtì kan sí méjì ní wákàtí kan. Bí ẹ bá lo wákàtí mẹ́ta nínú ìdúró bẹ́ẹ̀, ó lè gba yúnìtì mẹ́fà lọ́wọ́ yín. Lára Kona, mẹ́fà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá bátìrì. Lára Leaf, ó tó ìrìn kìlómítà 35. Lára Volt, tí nǹkan bí 14 péré ṣeé lò nínú bátìrì rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, àmọ́ ẹ̀rù kò gbọdọ̀ ba onívólt, nítorí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Eré sísá ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọkọ̀ pẹtiróòlù máa ń dín epo kù lójú ọ̀nà márosẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníná máa ń jẹ iná níbẹ̀ ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ láàárín ìlú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìrìn Èkó sí Ìbàdàn, tó tó kìlómítà 130, sí ìdánwò gidi. Bí ẹ bá sá eré 110 pẹ̀lú éésì, Leaf tí bátìrì rẹ̀ ṣì pé yóò lo nǹkan bí yúnìtì 25, yóò sì dé Ìbàdàn pẹ̀lú ohun tí kò tó ìdajì, tí kò sì lè gbé e padà. Kí ó tó lè padà lọ́jọ́ kan náà, yóò nílò nǹkan bí wákàtí méje lára sókẹ́ẹ̀tì ilé tí ẹ bá lọ, bí iná bá wà níbẹ̀. Kona yóò lọ, yóò bọ̀, yóò sì ku nǹkan bí yúnìtì 15 sínú rẹ̀. Volt yóò lo bátìrì tán ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, yóò sì fi pẹtiróòlù parí ìrìn náà láìsí wàhálà.

Iná inú ọgbà yín

Sókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́ta tí a ń ki irin ìlọṣọ bọ̀ lè fún ọkọ̀ ní nǹkan bí yúnìtì 2.3 ní wákàtí kan, bí iná bá pé fóltì 230. Bí ó bá wálẹ̀ sí 180, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan éésì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò di 1.8. Bí a bá ka díẹ̀ tó máa ń ṣòfò mọ́ ọn, Volt tí bátìrì rẹ̀ ti tán yóò kún láàárín wákàtí méje, Leaf yóò gbà tó wákàtí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Kona yóò sì gbà tó wákàtí 30.

Àwọn nọ́ńbà yìí ló máa ń lé oníbàárà sá, mo sì rò pé wọ́n ń sá lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lo bátìrì rẹ̀ tán lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 60 lójúmọ́ láti ilé sí ibi iṣẹ́ yóò lo nǹkan bí yúnìtì mẹ́wàá, wákàtí márùn-ún lára sókẹ́ẹ̀tì lásán yóò sì dá a padà. Àwọn tó wà lórí Báńdì A ní ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, àwọn ti Báńdì D ní ti wákàtí 8. Ní ti ìṣirò, wákàtí 8 pàápàá tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé iná lè dé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ti wà ní ọ́fíìsì, kó sì lọ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ àkókò tí iná ń dé àti èyí tí ó ń lọ sílẹ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ olùtajà kankan. Ìwé yẹn yóò wúlò fún yín ju gbogbo fídíò tí ẹ ti wò lọ.

Bí ìwé náà bá fi hàn pé iná yín kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ lóru, ẹ má wo bí bátìrì ṣe tóbi tó, ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń tètè gba iná. Pẹ̀lú ṣájà tí a kàn mọ́ ògiri, tí wáyà rẹ̀ nípọn, Kona lè gba nǹkan bí yúnìtì 7 ní wákàtí kan, nítorí náà wákàtí mẹ́rin yẹn yóò fi ìrìn tó lé ní kìlómítà 150 sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Leaf lè gba 6.6, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn Leaf S tí owó wọn kéré jù kò lè gbà ju 3.6 lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè. Ọ̀pọ̀ Volt pẹ̀lú kò ju 3.6 lọ. Irú ṣájà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé so mọ́ wáyà ilé tí wọ́n ti fà láti ọdún gbọ́ọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fa wáyà tirẹ̀ láti ìdí mítà.

Ohun méjì kan wà tó ti kó ìdààmú bá àwọn tó ra tòkunbọ̀. Àkọ́kọ́ ni okùn ṣájà tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Fóltì 120 ni wọ́n ń lò nínú ilé wọn lọ́hùn-ún, òmíràn nínú okùn wọ̀nyí kò sì lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpótí rẹ̀, nítorí bí ẹ bá ki èyí tó jẹ́ 120 nìkan bọ iná wa, ó lè jóná, ó sì lè mú nǹkan mìíràn jóná. Ìkejì ni wáyà tí ó yẹ kí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti gba iná tó bá ṣáko. Bí ilé kò bá ní i, ọ̀pọ̀ ṣájà yóò tan iná pupa, kò sì ní fún ọkọ̀ ní nǹkan kan, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì máa bá olùtajà jà pé ọkọ̀ ló bàjẹ́.

Ní ti owó, bí yúnìtì Báńdì A bá jẹ́ nǹkan bí ₦209, ìrìn kìlómítà 60 yóò ná yín ní nǹkan bí ₦2,400, nígbà tí ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 8 fún kìlómítà 100 yóò ná ₦4,320, bí lítà pẹtiróòlù bá jẹ́ ₦900. Jẹnẹrétọ̀ ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Lítà pẹtiróòlù kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í mú ju yúnìtì méjì wá, nítorí náà ẹni tó bá fi í fún ọkọ̀ oníná ní iná lójoojúmọ́ yóò jó epo ju ẹni tó ń wa Corolla lọ.

Bátìrì tòkunbọ̀

Níbi yìí, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba rárá. Bátìrì Kona àti ti Volt ní omi tó ń tù wọ́n lára. Ti Leaf kò ní, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Leaf tó ti lo ọdún ní Arizona tàbí Texas lè ti pàdánù púpọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àmì kéékèèké 12 ló wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń sọ bí ìlera bátìrì ṣe rí. Bí mẹ́ta bá ti lọ nínú wọn, kìlómítà 243 yẹn ti di nǹkan bí 170, Leaf bẹ́ẹ̀ yóò sì dé Ìbàdàn pẹ̀lú ìpayà. Èmi kò ní ra èyí tó kéré sí 11. Ní ti Kona, ilé-iṣẹ́ Hyundai fúnra rẹ̀ kéde ní 2021 pé òun yóò pààrọ̀ bátìrì ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí òun ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ sí ìkẹta, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn ń gbiná. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ (VIN) wádìí bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ti èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ dára tó.

Fún ẹni tí kì í kúrò láàárín ìlú, tí iná máa ń wà nílé rẹ̀ lóru, Leaf tó ṣì pé ni mo máa yàn. Fún ẹni tí iṣẹ́ tàbí ẹbí ń gbé lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lóṣooṣù, Kona ni. Ẹni tí ìwé ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ kò fọkàn rẹ̀ balẹ̀, tàbí ayálégbé tí onílé kò gbà kí ó fa wáyà, Volt ni kí ó lọ wò, kí ó sì máa lo iná nígbà tí iná bá wà.

Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí olùtajà gbé ọkọ̀ náà wá sílé yín lálẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà àti ìdá tó wà nínú bátìrì sílẹ̀, ẹ fi okùn tirẹ̀ gan-an sí sókẹ́ẹ̀tì yín fún wákàtí méjì, kí ẹ sì tún kọ nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ fọwọ́ kan orí okùn náà àti sókẹ́ẹ̀tì: bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ó bá gbóná débi tí ẹ fi ní láti ká ọwọ́ kúrò, wáyà ilé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.