Ẹ ṣọ́ra fún dílà tó jẹ́ àárọ̀ kùtù nìkan ló ń jẹ́ kéèyàn wá wo kọnfátíbù ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá Mercedes SL àtijọ́ tàbí mọ́tò èyíkéyìí tó ń ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn, torí ohun tójú mi rí lọ́wọ́ gbájú-ẹ̀ kan láìpẹ́ yìí, mi ò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ ibi tó wà. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí irú ẹ̀ ò lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Kẹ́nikẹ́ni tó sọ pé àìmọ̀kan ló pa mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń gun SL, irú èyí tí wọ́n ń pè ní R129, ti ọdún 1994, ibi tí oòrùn ti ń mú bí iná ni mo sì ti ń gùn ún. Mo ti pààrọ̀ wáyà enjíìnì ẹ̀ látòkè délẹ̀, torí àwọn Mercedes tí wọ́n ṣe láàárín 1992 sí 1995 yẹn, rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà wọn kì í lè gba ooru enjíìnì fún ìgbà pípẹ́, á gbẹ, á sán, á máa rún wómúwómú bọ́ sílẹ̀ títí wáyà á fi máa kan ara wọn. Mo ti pààrọ̀ síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí òróró jò, nínú gbogbo sìlíńdà tó ń gbé òrùlé ẹ̀. Aṣọ òrùlé ẹ̀ gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rán an, ọ̀rá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bíi gíláàsì, oòrùn ti sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀ débi pé tí mo bá ń lọ sẹ́yìn, àdúrà ni mo fi ń wakọ̀. Mo mọ ohun tí oòrùn ń ṣe. Ọkùnrin yìí sì mú mi wẹ́rẹ́.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé aṣọ ti sú mi. R230 tó tẹ̀ lé tèmi, tó jáde lọ́dún 2001, òrùlé líle ni tiẹ̀, á ká ara ẹ̀ wọnú bọ́ọ̀tù láàárín sẹ́kọ́ǹdù 16, mo wá ní irin ò kúkú ní ya bí aṣọ. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n gbé síta fún títà, ti ọdún 2003, ó dúdú kirikiri, síìtì ẹ̀ funfun bí ẹyin ẹyẹ, kìlómítà tó rìn kéré. Mo pe ọkùnrin náà. Ohùn ẹ̀ tutù, kò sí gbólóhùn tí ò fi "ẹ̀gbọ́n mi" bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n wá ní aago méjì ọ̀sán, ó ní rárá o, aago méje àárọ̀ ni kí n wá, ó ní òun kì í jẹ́ kí oòrùn pa mọ́tò òun torí ọ̀dà ara wọn. Ó ní, "Ọmọ mi ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè máa sá wọn bí aṣọ." Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ ní lọ́kàn ara mi pé ẹni tó mọ ìtọ́jú rèé.

Aago méje ò tíì lù tí mo dé, mo bá mọ́tò lábẹ́ ibòji, enjíìnì ti ń ṣiṣẹ́, ó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mọ́tò ga dúró dáadáa lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn o, màá padà sí i. Ó tẹ bọ́tìnnì, òrùlé gbéra, ó ká, ó wọlé, mo ń kà á lábẹ́lẹ̀, kò ju 16 lọ lóòótọ́. Ó dà á padà. Mo ní kó tún ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ká má pa bátìrì. Bátìrì wo la fẹ́ pa nígbà tí enjíìnì ń ṣiṣẹ́? Mi ò bi í. Ojú mi ti wà lára mọ́tò yẹn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Ibi tá a wà yẹn ni géńdé kan ti wọlé pẹ̀lú fáìlì lábíyá, ó ń yí mọ́tò ká, ó ń fọwọ́ pa bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ní òun ti kó owó dání. Ọ̀gá yìí wá ṣe bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́kọ́ dé, àyàfi tí ẹ̀gbọ́n ò bá rà á. Kí ni mo tún ń dúró ṣe? Mo sanwó. Àní mo sanwó láì wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, láì mú mẹkáníìkì dání, èmi tí mo máa ń pariwo fáwọn èèyàn pé kí wọ́n mú mẹkáníìkì dání.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀sán gangan, mo páàkì síbi kan, mo ní kí n ṣí òrùlé kí n gbafẹ́. Òrùlé gbéra, ó dé ìdajì, ó dúró. Bọ́ọ̀tù là gbàgàdà sẹ́yìn, òrùlé nà sókè bí ọwọ́ ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè, èmi sì rèé láàárín ẹ̀, mò ń tẹ bọ́tìnnì títí àtàǹpàkò ń ro mí. Kò lọ kò bọ̀. Nígbà tó di alẹ́, tí ibi gbogbo ti tutù, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó sì pa dé wọ́ọ́rọ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni òróró bẹ̀rẹ̀ sí í kán látòkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí mo fi ń wẹ̀yìn, sórí ṣẹ́ẹ̀tì mi. (Àwọn tó ní Jaguar XK8 mọ ìyà yìí dáadáa, tiwọn tiẹ̀ burú jùyẹn lọ, họ́ọ̀sì tó lọ síbi kọ́kọ́rọ́ òrùlé níwájú ló máa ń bẹ́, tí òróró aláwọ̀ ewé á tú sí wọn lórí. Wọ́n dẹ̀ ní orúkọ fún un, "green shower", òjò aláwọ̀ ewé.)

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi. Ó tú aṣọ inú òrùlé níwájú, ó fọwọ́ bọ ibẹ̀, ó fa fóòmù kan yọ, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ó rin gbingbin fún òróró. Wọ́n ti rọra kì í sábẹ́ sìlíńdà iwájú kó lè máa fa òróró tó ń jò mu. Tí fóòmù yẹn bá ti yó tán ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kán séèyàn lórí, ìgbà yẹn owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ.

Ó wá ṣàlàyé fún mi ìdí tó fi jẹ́ àárọ̀ nìkan. Pọ́m̀pù kan wà lẹ́yìn mọ́tò náà tó ń ti òróró lọ sínú àwọn sìlíńdà tó ń gbé òrùlé. Síìlì inú wọn ti gbó, ọdún àti ooru ti jẹ ẹ́ tán. Tí òróró bá tutù, ó máa ń ki, ó lè fara da síìlì tó gbó, òrùlé á gbéra. Tí mọ́tò bá ti jókòó sínú oòrùn fún wákàtí méjì, òróró ti ṣàn bí omi, ẹ̀gbẹ́ síìlì ló máa ń gbà kọjá, agbára tó yẹ kó fi gbé irin tó wúwo bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí kàn ń rọ òróró kún un ní alẹ́, á nu gbogbo ibi tó jò, ilẹ̀ á mọ́, á ṣí i lẹ́ẹ̀kan fún ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni agbára ẹ̀ mọ.

Ẹ rántí pé mo ní enjíìnì ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó dé. Tí mọ́tò yẹn bá sùn mọ́jú, á ti dọ̀bálẹ̀ lápá òsì níwájú, torí ètò tí wọ́n ń pè ní ABC tó wà lábẹ́ ẹ̀, òun náà ń fi òróró tiẹ̀ gbé mọ́tò dúró, kì í ṣe sọ́kì lásán bí ti àwọn mọ́tò yòókù. Ó ń tan enjíìnì kéèyàn tó dé, kó lè ti gbéra dìde. Ìdí nìyẹn.

Òrùlé nìyẹn o, ẹ̀gbin lásán. Èyí tí mi ò lè dárí ẹ̀ jì í ni ti bíréèkì. Àwọn R230 àkọ́kọ́ yẹn ń lo bíréèkì tí wọ́n ń pè ní SBC, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà, kọ̀ǹpútà lẹ ránṣẹ́ sí, pọ́m̀pù oníná ló ń tọ́jú agbára tó máa fi dá mọ́tò dúró. Lọ́dún 2004, Mercedes fúnra wọn pe mọ́tò bíi 680,000 padà torí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn máa ń ka iye ìgbà tó ti ṣiṣẹ́, tó bá ti pé iye kan, á gbé lẹ́tà pupa jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àtúnṣe, pípààrọ̀ ni àtúnṣe ẹ̀. Àwọn kan wá mọ bí wọ́n ṣe ń dá òǹkà yẹn padà sí òdo. Mẹkáníìkì mi fi skánà ẹ̀ wò ó, òǹkà bíi ti mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ọdún 2003 ló wà lára pọ́m̀pù náà gbangba. Tó bá kú lójú títì, táyà iwájú nìkan ló máa gbọ́ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ sì gbọ́dọ̀ le bí òkúta kí mọ́tò tó dúró. Ìyàwó mi ni mo ti gbé e fún láti lọ mú àwọn ọmọ ní iléèwé, lọ́jọ́ kejì tí mo rà á. Mo rò ó títí, ara mi ń gbọ̀n.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹyin ẹyẹ tí mo rí lára síìtì yẹn, ọ̀dà ni. Ó jókòó sóòrùn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò mi. Omi dúró nísàlẹ̀ bọ́ọ̀tù lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun, níbi tí pọ́m̀pù tó ń ti ilẹ̀kùn wà, ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí mọ́tò máa ta sáńsán lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó nìyẹn, kí n má bàa gbóòórùn omi náà. Táyà ẹ̀ ń dán gbinrin, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT ara ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, jẹ́ 2311, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011. Ẹ ò rí i pé mo ti fọ́jú.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú oòrùn lẹ ti ṣí i ni?" Inú òkùnkùn ló yẹ kí n ti máa ṣí i ni àbí? Ó ní ìwé tí mo buwọ́ lù sọ pé bí ẹ bá ṣe rí i lẹ gbà á. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ wo irú mọ́tò yìí, aago méjì ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn látilé pé kí wọ́n má tan án kẹ́ ẹ tó dé, tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ ṣí bónẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ fọwọ́ sún mọ́ enjíìnì, tó bá gbóná tí wọ́n ní àwọn ò tan án, ẹ padà sílé. Tí kò bá gbóná, ẹ jẹ́ kó wà nínú oòrùn fún wákàtí kan ó kéré tán, kẹ́ ẹ wá ṣí i kẹ́ ẹ pa á lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra pẹ̀lú enjíìnì tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ti tíṣù funfun mọ́ aṣọ inú òrùlé lókè dígí, bó bá ní òróró ẹ máa rí i, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun àti ọṣẹ díẹ̀ nu síìtì. Mẹkáníìkì tẹ́ ẹ bá mú dání, kó jẹ́ èyí tí skánà ẹ̀ lè ka òǹkà SBC, kì í ṣe ẹ̀rọ kékeré tó kàn ń pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Dílà tó bá ní àárọ̀ nìkan lòun máa ń ṣí, ẹ bá tiyín lọ.

Àná ni mo padà lọ bá a. Mi ò pè, ọ̀sán ni mo lọ. Kò sí níbẹ̀. Géńdé tó ní òun kó owó dání lọ́jọ́sí, oní-fáìlì yẹn, òun ni mo bá nídìí R230 mìíràn, aláwọ̀ fàdákà, síìtì pupa, ó ti tú kápẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù sílẹ̀, ó gbé gálọ́ọ̀nù òróró lọ́wọ́, ó ń rọ ọ́. Kò dá mi mọ̀. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yìí lẹ bá wá? Ọ̀gá ò sí nílé o, ẹ padà wá láàárọ̀ Sátidé, aago méje."

Aláwọ̀ fàdákà, síìtì pupa. Ẹni tó bá ti bá a ṣàdéhùn Sátidé, kó pè é padà lónìí, kó ní aago méjì ọ̀sán lòun fẹ́ wá.